Níbo Ni Ìbà Parí Sí?

Gọ́tà kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Òkókómáíkò, ní Èkó. Kò fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ kan lọ, ọ̀rá píọ̀wọ́tà sì máa ń dí i bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń fò ó kọjá láìkà á sí. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ìmúrasílẹ̀ fún ìkànìyàn ọdún 2023 ń lọ lọ́wọ́, mo bá obìnrin kan àti ọkùnrin kan lẹ́bàá rẹ̀, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì àjọ ìkànìyàn. Wọ́n wo ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo gọ́tà, wọ́n tún wo tábúlẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin náà tọ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà lọ títí dé ibi tó ti já sí títì, ó sì padà wá. Wọ́n lo ohun tó tó ìdajì wákàtí nídìí omi ìdọ̀tí tí èmi kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, obìnrin náà, tó jọ pé òun ni ọ̀gá, sọ̀rọ̀: "Ó hàn nínú àwòrán, ó hàn nílẹ̀. Ibí ni ká fi ṣe ààlà."

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ wọn ti ń wù mí í wò. Gbogbo ayé ló mọ akànìyàn, ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tó ń béèrè iye ọmọ. Ẹni tó wá ṣáájú rẹ̀, tó ń rìn yí àdúgbò ká láìbi ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ orí, kì í sí ẹni tó ń rántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ bóyá ibi tí a ń gbé jẹ́ ìlú tàbí oko.

Kí wọ́n tó ka ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé gbogbo ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́ bí télọ̀ ṣe ń gé aṣọ, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè mọ níwọ̀n ohun tí àwọn akànìyàn lè kà tán láàárín ọjọ́ tí wọ́n fún wọn. Agbègbè ìkànìyàn ni wọ́n ń pe ẹyọ bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn 1991 ní 212,079. Ti 2006 lé ní 660,000, tó túmọ̀ sí pé wọ́n gé e kéré gan-an lọ́tẹ̀ yìí: nínú ẹyọ kan, èèyàn bíi 211 ló wà, ìdílé bíi 48. Ìdílé lójú akànìyàn kì í ṣe ti ẹbí tàbí orúkọ bàbá. Àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà ni.

Òfin ẹni tó ń pa ààlà kò pọ̀, àmọ́ ó le. Ẹyọ méjì kò gbọ́dọ̀ gun ara wọn, nítorí ilé tó bá bọ́ sínú méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò ka àwọn tó wà níbẹ̀. Àlàfo kò sì gbọ́dọ̀ sí láàárín wọn, nítorí ilé tó bá bọ́ síbẹ̀, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò gbé inú rẹ̀ ni. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà, ṣùgbọ́n pèrègún ni wọ́n fi ń pa ààlà tiwọn, pèrègún kì í sì í ṣí nípò. Ta ló fẹ́ gbin pèrègún sí Òkókómáíkò? Ohun tí obìnrin yẹn àti ẹnì kejì rẹ̀ ní kò ju títì, gọ́tà, ọgbà ilé ìwé, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àti wáyà iná lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú èyí tí àlejò lè rí lọ́sàn-án gangan, tí kò sì ní í yẹ̀ láàárín ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá kọ ọ́ sílẹ̀: bẹ̀rẹ̀ láti oríta báyìí, tọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ títí dé ilé alájà méjì aláwọ̀ ewé, yà sí òsì lẹ́bàá títì, máa bá gọ́tà lọ. Ẹni tí kò dé Òkókómáíkò rí gbọ́dọ̀ lè ka ìwé yẹn kí ó sì rìn yí i ká láìṣìnà. Mo bẹ obìnrin náà kí ó jẹ́ kí n ka èyí tó kọ nípa ilé wa. Mo ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún, n kò lè júwe rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wá mú ọgbọ́n dání ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Màmá kan ń ta ata àti tòmátì lẹ́nu ọ̀nà wa. Obìnrin àjọ ìkànìyàn náà tẹ orúnkún díẹ̀, ó kí i.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe ibí yìí?"

"Ó dọwọ́ ẹni tó ń béèrè, ọmọ mi. Bí o bá wọ mọ́tò, Òkókómáíkò ni wàá sọ fún kọ̀ńdọ́. Bó bá ṣe owó ọjà tí mò ń san ni, Ìbà ló wà lórí rìsíìtì. Bó bá dọjọ́ ìbò, Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń pè wá."

"Ṣé baálẹ̀ wà níbí, Mà?"

"Baálẹ̀ wà, alága àdúgbò wà. Èwo lo fẹ́ nínú wọn?"

Ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Kò bá Màmá jiyàn, kò sì sọ pé èyí nìkan ló tọ̀nà. Ìwé ìlànà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé ibùgbé kan ni ibi tí àwọn èèyàn ti kó ara wọn jọ lọ́tọ̀, tí ilé wọn fara ti ara wọn, tó sì ní orúkọ tàbí ipò tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní òpópónà Àgbádárìgì. Ìbà jẹ́ ìlú àtijọ́ àwọn Àwórì, ó ní ọba, Oníbà. Ọ̀jọ́ náà jẹ́ ìlú Àwórì, tirẹ̀ wà létí ọ̀sà. Àárín wọn jẹ́ igbó àti oko tẹ́lẹ̀. Títì ńlá tí wọ́n la lọ sí Àgbádárìgì láàárín ọdún 1970 sí 1979 ló kọ́kọ́ la igbó náà, ilé iṣẹ́ tó ń to mọ́tò Volkswagen dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ (a ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe ibùdókọ̀ ibẹ̀), wọ́n kọ́ ẹ́sítéètì sí Ìbà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì dé lẹ́yìn òfin tó dá a sílẹ̀ ní 1983. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjà Alábà wá di ibi tí gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti ń ra tẹlifíṣọ̀n. Ilé ti so mọ́ ilé láti Alábà títí kọjá Ìyànà-Ìbà. Ojú kò lè rí ibi tí ọ̀kan parí sí mọ́. Etí nìkan ló ṣì ń gbọ́ ọ, lẹ́nu kọ̀ńdọ́.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé iye kan wà tí wọ́n fi ń ya ìlú sọ́tọ̀: 20,000. Ibùgbé tí èèyàn inú rẹ̀ bá tó iye yìí, ìlú ni. Èyí tí kò bá tó o, oko ni lójú ìwé. Ẹni tó bá wá gé Òkókómáíkò sí àdúgbò wẹ́wẹ́, tó sì pe àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ibùgbé tó dá dúró, yóò rí ìgbèríko níbi tí dánfó ò ti ráyè yí orí padà. Ẹni tó bá sì so ohun gbogbo pọ̀ yóò sọ abúlé apẹja di ìlú. Àárín àṣìṣe méjèèjì yìí ni obìnrin tó dúró ti gọ́tà wa ń wá.

Ta wá ló fi 20,000 lélẹ̀? Ọ̀nà rẹ̀ jìn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka Èkó ní 1866, 25,083 ni wọ́n rí, ẹnikẹ́ni ò sì nílò láti bi ara rẹ̀ pé kí ni ìlú: Èkó ni wọ́n kà, ìlú ni. Ní 1917, Lugard, òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà, ṣe òfin tó pín àwọn ìlú sí ìpele mẹ́ta, Èkó nìkan ló sì wà ní ìpele kìn-ín-ní. Ìbàdàn tó ju Èkó lọ nígbà náà kò dé ibẹ̀. Iye èèyàn kọ́ ni òfin yẹn ń wò. Ohun tó ń wò ni ibi tí àwọn òyìnbó fìdí iṣẹ́ ìjọba àti òwò wọn kalẹ̀ sí.

Nígbà ìkànìyàn 1952 sí 1953 ni wọ́n wá fi iye ṣe ààlà: ibi tí èèyàn 5,000 bá kó jọ sí, ìlú ni. Nínú ìkànìyàn yẹn, Ìbàdàn ní 459,196, Èkó ní 267,407. Ní 1963, wọ́n gbé ààlà náà sókè sí 20,000, orí rẹ̀ ni ó sì wà nígbà ìkànìyàn 1991, orí rẹ̀ náà ni ó wà títí di òní. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe. Ká ní ìlú kan ní èèyàn 12,000 ní 1952, tí kò sì pọ̀ sí i, tí kò dín. Wọ́n sùn ní ará ìlú, wọ́n jí ní ará oko. Kò sí ẹni tó di ẹrù, kò sí ẹni tó ṣí kúrò lórí ilẹ̀ baba rẹ̀.

Lójú tèmi, gbígbé e sókè bọ́gbọ́n mu fún ilẹ̀ Yorùbá. Níbi tí àwọn èèyàn ti fẹ́ràn àgbájọ tó báyìí, 5,000 kò sọ púpọ̀. Àmọ́ iye nìkan kò lè gbé gbogbo ẹrù náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí gidigidi. Àwọn kan ní òkè òkun ń sọ pé ìlú Yorùbá kì í ṣe ìlú nítorí pé àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Abúlé tó tóbi ni wọ́n pè é. William Bascom, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1955 pé ìlú ni wọ́n lóòótọ́, ó wo bí wọ́n ṣe tóbi, bí ilé ṣe fún mọ́ra, àti bó ti pẹ́ tó tí wọ́n ti wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Akin Mabogunje ti Yunifásítì Ìbàdàn wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó tọ́. Nínú ìwé rẹ̀ kan ní 1962 àti òmíràn ní 1968, ó bi ìlú léèrè ohun tó ń ṣe: ọjà wo ló ń ná, ìjọba wo ló ń ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ wo ló wà níbẹ̀, àwọn ibi mélòó ló ń wo ojú rẹ̀? Mo ka Mabogunje mọ́ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì ló mú lọ́wọ́, nítorí ó fi ojú àwọn tó ń gbé ìlú wo ìlú.

Èdè wa sì ti mọ̀ ọ́n ṣáájú gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń gbé abà fún oṣù mẹ́jọ nínú ọdún kò sọ pé abà ni òun ti wá. Ìlú rẹ̀ ni ibi tí ọba rẹ̀ wà, tí ilé ìdílé rẹ̀ wà, tí yóò padà sí fún ọdún egúngún tàbí Iléyá, tí wọn yóò gbé òkú rẹ̀ lọ. Abà wà lábẹ́ ìlú bí ẹ̀ka ṣe wà lára igi. Ìkànìyàn kò lè fi èyí ṣiṣẹ́, mo mọ̀. Ẹni tí akànìyàn bá fojú rí níbi tó wà ni ó ń kà, ìlú tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò kàn án. Síbẹ̀ ó dára kí ẹni tó ń pa ààlà mọ̀ pé àwọn tí òun ń bi ní orúkọ ibùgbé wọn ní ìtumọ̀ tiwọn fún ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó kù kò fi ẹnu kò. Ní Denmark, ibi tí èèyàn 200 bá kó jọ sí ti di ìlú. Ní Japan, 50,000 ni. Gánà ń lo 5,000. Bẹ̀nẹ̀, tó wà ní ìwọ̀n wákàtí mélòó kan sí Ọ̀jọ́, ń béèrè 10,000, ó sì tún ń wo àwọn nǹkan bí ilé ìfìwéránṣẹ́, omi, iná àti ilé ìwòsàn. India ń wo iṣẹ́ àwọn ọkùnrin ibẹ̀: mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbẹ̀. Ní March 2020, ìgbìmọ̀ àwọn oníṣirò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ọ̀nà tuntun kan tí kò wo orúkọ rárá. Wọ́n fi ìlà pín ayé sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlómítà kan níbùú lóròó; ibi tí 1,500 èèyàn bá wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn fara kanra, tí àpapọ̀ wọn sì tó 50,000, ìlú ńlá ni. Lójú ìyẹn, ìbéèrè ibi tí Ìbà parí sí kò sí mọ́. Mo gba ti ọ̀nà yẹn fún ẹni tó fẹ́ fi Èkó wé Cairo. Ṣùgbọ́n kò lè bá Màmá aláta sọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ka tábìlì ìkànìyàn máa rántí. Ní 1991, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ní 2006, àjọ ìkànìyàn ka nǹkan bí 600,000. Ẹni tó bá wo iye méjèèjì nìkan yóò rò pé àjàkálẹ̀ àrùn wọ ibẹ̀. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Ààlà ló ṣí: ní 1996 wọ́n yọ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin kúrò lára rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ní ohun tó ju mílíọ̀nù kan lọ láàárín ara wọn ní 2006. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ṣe ìkànìyàn tirẹ̀ lọ́dún yẹn, ó sì rí iye tó lé ní 900,000 ní Ọ̀jọ́. Ìjà lórí iye yẹn kò tíì tán nínú ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní ti Ìbà, ìpínlẹ̀ ti sọ ọ́ di ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ ní 2003, ó ní alága, ó ní sẹkitéríàtì, ó ń gba owó ọjà lọ́wọ́ Màmá, ṣùgbọ́n kò sí nínú tábìlì ìjọba àpapọ̀, nítorí ìjọba ìbílẹ̀ ogún péré ni wọ́n mọ̀ ní Èkó. Obìnrin tó ń pa ààlà kò lè fi ibodè Ìbà ti ìpínlẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó ní láti mọ̀ ọ́n, kí ó sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo bi í pé èwo ló le jù nínú gbogbo agbègbè náà. Mo rò pé yóò dárúkọ Alábà, níbi tí ẹnì kan ti ń sùn sẹ́yìn ìsọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú omi ni. Ọ̀jọ́ wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n kà mọ́ ìgboro Èkó, síbẹ̀ bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ọ̀jọ́, ẹ ó dé Ìrẹ̀wẹ̀ àti àwọn abúlé tó yí i ká, níbi tí ẹja àti àgbọn ti jẹ́ iṣẹ́, tí àwọn Àwórì àti Ègùn jọ ń gbé. Ìgbèríko gidi ni, nínú ìjọba ìbílẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní ìgboro. Ibẹ̀, ó ní, kò sí títì, kò sí gọ́tà, etí omi tó rí lónìí sì lè má sí níbẹ̀ lásìkò òjò. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi etí omi ṣe ààlà bí ó bá lè rí ohun mìíràn. Ìlà ilé ni òun máa ń tọ̀. Níbi tí ilé bá ti parí, òun á bi àgbàlagbà tó bá súnmọ́ tòsí pé ilé ta ló kẹ́yìn tó ń bá yín jẹun ọdún. Ìbéèrè yẹn kò sí nínú ìwé ìlànà kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló wá a rí lẹ́nu iṣẹ́, ó sì sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan.

Kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin náà fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà iná. Ó kọ ọ́ síbi tí òrùlé bò, kí òjò má baà tètè pa á rẹ́. Ó kí gbogbo wa, wọ́n sì lọ bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn ní òdìkejì gọ́tà. Ìkànìyàn fúnra rẹ̀ kò wáyé lọ́dún yẹn. Wọ́n sún un síwájú ní April 2023, ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìlà tí wọ́n fà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń dúró.

Òkókómáíkò kò dúró ní tirẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn onílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dáwó jọ, wọ́n da kọnkéré bo gọ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dára fún wa, nítorí ẹ̀fọn dínkù. Ẹni tó bá padà wá pẹ̀lú ìwé tó sọ pé kó máa bá gọ́tà lọ kò ní rí gọ́tà kankan. Mo ti fi ibẹ̀ han Màmá aláta. Mo ní bí wọ́n bá dé tí n kò sí nílé, kí ó sọ fún wọn pé abẹ́ tábìlì ata rẹ̀ ni ààlà wà, láti ẹsẹ̀ tábìlì tó wà lápá òsì títí dé ibi tó ń gbé agbọ̀n tòmátì sí. Ó ní òun ti gbọ́.